Bọ́ọ̀sì Kábúrétọ̀ Méjì Tó Ń Gbọ̀n Lójú Kan

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Alápẹ̀rẹ̀)

Ẹ̀ka wa ní kí àwa tí a wà nídìí àtúnṣe ọkọ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn kan tó ń jẹ owó lápò àwọn ọmọ ẹgbẹ́. A ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó jọ̀wọ́ dúró kí a kọ́kọ́ rò ó tán.

Ọ̀ràn náà nìyí. Bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tó sì ní kábúrétọ̀ méjì, bó bá ń sáré lórí títì, ara rẹ̀ á le bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Ṣùgbọ́n kó sọ̀kalẹ̀ láti orí afárá Third Mainland, kó gba Ògùdù dé Alápẹ̀rẹ̀ níbí, kó bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó lọ títí dé Ọjọ́ta, kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Gíláàsì á máa pariwo, ìjókòó á máa mì, èrò á máa wo ojú ara wọn. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ á kú. Bí kò bá sì kú, awakọ̀ ni kò jẹ́ kó kú: á máa fún un níná lójú kan, epo ń jó lọ, táyà kò yí.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù May ọdún 2023 tó pé, lítà epo kò tó ₦200 ní Èkó. Nígbà tí yóò fi di oṣù July ọdún náà, ó ti ju ₦500 lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń jó epo lójú kan, owó oúnjẹ ilé rẹ̀ ló ń jó. Owó tí yóò fi lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ ní alẹ́ kò sì yí padà nítorí pé ẹ́ńjìnnì gbọ̀n.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, ta ló tún ń lo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ Japan ló pọ̀ jù ní gáréèjì Kétu àti ti Maili 12? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó kù nínú wa tó jogún Kombi lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó kù nínú wa tó ń fi í kó ẹrù lọ́jọ́ tí kò sí iṣẹ́ ní fáktírì, àwọn kan sì wà tó ń kun ún ní ọ̀dà, tí wọ́n ń fi í gbé ìyàwó. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí a fẹ́ sọ yìí bá gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ní kábúrétọ̀ ju ẹyọ kan lọ mu, ìbáà ṣe ọkọ̀ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó ní SU méjì, ìbáà ṣe alùpùpù onísìlíńdà méjì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí ọkọ̀ yìí ti wá, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín wa. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Àgbádárìgì. Ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Owó Udoji ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ nígbà náà, ẹni tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ ń dúnàádúrà ìjàpá. Nínú ohun tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ ni Igala wà, èyí tí àwọn ará Brasil ń pè ní Brasília. Ní ti Kombi, láti nǹkan bí ọdún 1972 ni àwọn tó ń ṣe é ní Hannover ní ilẹ̀ Jámánì ti ń fi ẹ́ńjìnnì 1700 sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà 1800, lẹ́yìn náà 2000, pẹ̀lú kábúrétọ̀ Solex méjì. Àwọn ará Brasil náà fi méjì sórí 1600 tiwọn, wọn kò sì dá iṣẹ́ Kombi dúró títí di oṣù December ọdún 2013. Nítorí náà kì í ṣe òkú ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe méjì? Ẹ́ńjìnnì yìí dùbúlẹ̀ ni, kò dìde dúró. Sìlíńdà méjì wà lápá ọ̀tún, méjì wà lápá òsì. Bí kábúrétọ̀ kan ṣoṣo bá jókòó láàárín, epo àti afẹ́fẹ́ á rìn jìnnà nínú páìpù kí wọ́n tó dé sìlíńdà, epo a sì máa lẹ̀ mọ́ ara páìpù tútù lójú ọ̀nà. Ni wọ́n bá gbé kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan sún mọ́ sìlíńdà méjì méjì. Ọkọ̀ á lágbára sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọmọ odó bá ń lọ tó ń bọ̀ bó ti yẹ, ẹ ò ní mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Kí ọ̀kan ṣe é yá díẹ̀, tàbí kí ọwọ́ ọ̀kan rọ̀, odó á yí, iyán á kóra. Bí kábúrétọ̀ méjì ṣe rí gan-an nìyẹn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀, ìyàtọ̀ kékeré kò hàn. Ní sìlóò, ìyẹn nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kéré gan-an, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan á wá di ńlá.

Ohun tó ń bà wá lọ́kàn jẹ́ ni pé bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n báyìí, sukudiráfà ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á kọ́kọ́ mú. Á yí sukúrúù ọ̀tún, á yí ti òsì, á gbọ́ ohùn, á tún yí i. Lẹ́yìn wákàtí kan, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí sukúrúù wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwa ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kábúrétọ̀ ná. Kábúrétọ̀ ló yẹ kí a fi parí, kì í ṣe òun ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Tápẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì tutù pátápátá. Ti 1600, 0.15 mílímítà ni àlàfo rẹ̀, ti fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àti ti èyí tó ń tú èéfín jáde. Ti àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá, ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín, torí wọn kò rí bákan náà. Fáàfù tó fún jù kò ní tì dáadáa, agbára sìlíńdà á máa jò jáde, kò sì sí sukúrúù kábúrétọ̀ tó lè wo àìsàn yẹn sàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí dísíbútọ̀. Kọ́ntáàtì gbọ́dọ̀ ṣí ní 0.4 mílímítà. Bó bá ti jóná, tó ní kòtò lójú kan, tó ní òkè lójú kejì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi yanrìn pépà ra á nígbà gbogbo. Àlàfo púlọ́ọ̀gì, 0.7 ló dára. Bí iná ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn ni 1, 4, 3, 2. Ní ọ̀tún ni 1 àti 2 wà, 3 àti 4 ní òsì. 1 àti 3 ló wà níwájú, ìyẹn ni pé àwọn ló sún mọ́ awakọ̀. A ti rí ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ wáyà méjì fún ara wọn, tí wọ́n sì ń bá kábúrétọ̀ jà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí ẹ bá ń tú púlọ́ọ̀gì, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti jáde, ẹ má dà wọ́n pọ̀ sínú ike. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin yẹn ń sọ̀rọ̀. Bí méjì ti ọ̀tún bá dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, tí méjì ti òsì pọ́n díẹ̀ bí erùpẹ̀ ilẹ̀ wa, epo ti pọ̀ jù ní ọ̀tún nìyẹn: bóyá ṣóòkì rẹ̀ kò ṣí, bóyá abẹ́rẹ́ fúlótà kò tì, kábúrétọ̀ ń kún. Bí méjì bá funfun, epo kò tó tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ibi tí kò yẹ. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló tutù tó sì ní òróró, ẹ fi kábúrétọ̀ sílẹ̀, sìlíńdà yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ó wà ní sìlóò. Ẹ fi ohun tí iná kò lè gbà kọjá mú wáyà púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́tí sílẹ̀, ẹ dá a padà kíákíá. Wáyà tí ẹ yọ tí ohùn ẹ́ńjìnnì sì wálẹ̀, sìlíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹ yọ tí ohùn kò yí padà, ọ̀lẹ ni, kò ṣe nǹkan kan láti àárọ̀. Ibí yìí ni ọkọ̀ kábúrétọ̀ méjì ti yàtọ̀ sí ti kábúrétọ̀ kan. Bí ọ̀lẹ bá jẹ́ méjì, tí àwọn méjèèjì sì wà lápá kan náà, ẹ ti mú olè: kábúrétọ̀ apá yẹn ni, tàbí páìpù tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀lẹ bá jẹ́ ẹyọ kan, púlọ́ọ̀gì, wáyà tàbí fáàfù ni. Ìdánwò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò sì gba ìṣẹ́jú márùn-ún. A ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sá fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa gbé Kombi rẹ̀ lọ síbì kan tí a ò ní dárúkọ. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kó lọ wá tokunbo. Ó ti ń wá ẹni tó máa yá a lówó nínú àjọ kí ó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. A yọ wáyà púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: 3 àti 4 kò ṣiṣẹ́ ní sìlóò, ṣùgbọ́n bí a bá fún un níná, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Sìlíńdà tó ń ṣiṣẹ́ lórí eré tí kò sì ṣiṣẹ́ ní sìlóò, kò kú. Ọ̀nà oúnjẹ kékeré rẹ̀ ló dí. Lára kábúrétọ̀ Solex wọ̀nyí, nǹkan kékeré kan wà bí ìdí abẹ́là, wáyà kan ṣoṣo ló wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, iná bátìrì á fà á sẹ́yìn, ọ̀nà epo sìlóò á ṣí. Bí ẹ bá pa á, á tì í. Wọ́n ṣe é kí ẹ́ńjìnnì má baà máa gbọ̀n lọ lẹ́yìn tí a ti pa kọ́kọ́rọ́. Wáyà ti apá òsì ló ti yọ, ó rọ̀ sábẹ́ ike kan tí ojú kò lè rí. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìdá ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà náà, ẹ tún fi kàn án: bí ẹ kò bá gbọ́ “kẹ́”, yálà iná kò dé ibẹ̀ tàbí òun fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́. A fi wáyà padà. Ọkọ̀ náà mí. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ.

Bí iná bá ń dé ibẹ̀ tí apá kan kò sì ṣiṣẹ́, jẹ́ẹ̀tì sìlóò lè ti dí. Ihò rẹ̀ kéré ju ihò abẹ́rẹ́ lọ, ìdọ̀tí kékeré ti tó. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi afẹ́fẹ́ àwọn fọkanáísà fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wáyà tàbí abẹ́rẹ́ gún un, nítorí ihò tó bá ti fẹ̀ kò ní padà kéré mọ́, epo á sì máa pọ̀ jù ní apá yẹn títí ẹ ó fi ra òmíràn. Ẹ wo inú táńkì náà, torí ìpẹtà táńkì ogójì ọdún kì í tán. Epo fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́ ọ̀tá: ẹ rántí oṣù February ọdún 2022, nígbà tí epo tó ní methanol ju bó ti yẹ lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí ọkọ̀ ń dúró lójú títì, tí a sì tò lórí ìlà epo fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó bá ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì létí títì, kó kọ́kọ́ dà á sínú ìgò funfun, kó jẹ́ kó dúró. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa lọ.

Afẹ́fẹ́ tó ń jí wọlé ló kù. Láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba ibòmíràn wọlé. Ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, ẹ wo ibi tí mánífóòdù ti kan orí sìlíńdà, ẹ wo páìpù tó so apá ọ̀tún mọ́ ti òsì, pàápàá rọ́bà ìdí rẹ̀ méjèèjì, torí oòrùn àti ooru ẹ́ńjìnnì a máa là á. Ẹ wo họ́ọ̀sì búréèkì pẹ̀lú, bí ọkọ̀ yín bá ní i. Àwọn kan a máa dá epo pẹtiróòlù sí ibẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ bí ohùn bá yí padà. Ìwà wèrè gbáà ni! Ẹ́ńjìnnì gbóná, púlọ́ọ̀gì ń tàn, ẹ wá ń da epo lé e. Ike tí àwọn onídìrí fi ń fọ́n omi sórí irun ni kí ẹ lò. Ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kó kan dísíbútọ̀. Ibi tí omi bá kàn tí gbígbọ̀n náà sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ó tún kù kan: irin tó ń yí ewé inú kábúrétọ̀. Ẹ fi ìka mì í. Bó bá ń ṣeré sọ́tùn-ún sósì, ó ti jẹ ihò rẹ̀ fẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ irin ló máa lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti pé, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá mú sukudiráfà. Ẹ kọ́kọ́ tú ọ̀pá tó so kábúrétọ̀ méjèèjì pọ̀, kí oníkálùkù dá wà, nítorí bí ọ̀pá náà bá gùn jù tàbí kúrú jù, á máa fa ọ̀kan ṣí, ẹ ó sì rò pé sukúrúù ni. Ẹ ṣí ìdérí ìyọ̀dọ̀tí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ní mítà tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́, kó lò ó. Ẹni tí kò ní, kó gé rọ́bà họ́ọ̀sì tó gùn bí apá, kó fi ẹnu kan sí etí, kó fi ẹnu kejì sí ọ̀fun kábúrétọ̀ ọ̀tún. Á gbọ́ ohùn kan, “ṣììì”. Kó gbé e lọ sí ti òsì, kó sì fi sí ojú ibi kan náà nínú ọ̀fun. Bí òsì bá ń pariwo jù, òun ló ń gba afẹ́fẹ́ jù. Ẹ máa yí sukúrúù eré díẹ̀díẹ̀ títí ohùn méjèèjì yóò fi dọ́gba, kí ẹ́ńjìnnì sì máa yí ní nǹkan bí 850 sí 950 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni sukúrúù epo: ẹ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí ohùn yóò fi fẹ́ wálẹ̀, ẹ wá yí i jáde títí á fi dán. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún èkejì. Ẹ tún padà gbọ́ afẹ́fẹ́, nítorí ọ̀kan a máa da ìkejì rú. Nínú àwọn Solex kan, sukúrúù kan ní kábúrétọ̀ òsì ló ń darí sìlóò apá méjèèjì; ẹ wo ìwé kí ẹ tó yí ohunkóhun. Ẹ wá so ọ̀pá padà. Bí ohùn bá yí bí ẹ ti so ó, ọ̀pá ni kí ẹ tún gùn tàbí kúrú, ẹ má fọwọ́ kan sukúrúù mọ́. Ẹ fún un níná díẹ̀, ẹ tún fi rọ́bà gbọ́ ọ. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba níbẹ̀ náà.

A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iná kí a tó jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Kábúrétọ̀ méjì túmọ̀ sí pé rọ́bà epo ti pọ̀ sí i, ó ń gba orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná kọjá láti apá kan sí èkejì. Bí rọ́bà yẹn bá là, epo á máa kán sórí irin gbígbóná, lẹ́yìn ìjókòó èrò, níbi tí awakọ̀ kò lè rí. Ara ẹ́ńjìnnì 1600 wọ̀nyí ní magnesium nínú. Bí irin yẹn fúnra rẹ̀ bá ti gbiná, omi á mú kó bú gbàmù ni. Yanrìn gbígbẹ ni kí ẹ dà sí i, kí ẹ sì jìnnà. Ẹ má dúró dìgbà yẹn. Ẹ fi ìka tẹ rọ́bà epo ní oṣooṣù: bó bá ti le bí igi, tàbí tó ní ìlà bí àtẹ́lẹwọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fi kílíìpù dè é, kì í ṣe wáyà. Ìyẹ̀fun apaná ni kí ó wà nínú ọkọ̀, kí kọ́ńdọ́ náà mọ bí a ti ń lò ó. Èéfín ńkọ́? Ọkọ̀ tí epo pọ̀ jù ní sìlóò ń tú èéfín tí kò ní òórùn jáde, tó sì ń pani. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí nínú gáréèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí a sọ nìyẹn. Ẹ lè béèrè ìbéèrè báyìí. Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ gbé Kombi wá lónìí, ẹ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì dá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́, torí tápẹ́ẹ̀tì la máa fi bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tutù tó.